Íńtáfíù mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò pè mí padà: níbo ni mo ti ń kù síbi?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ládùúgbò Ìrẹ̀mọ. Mo gba HND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, mo sì parí ètò àgùnbánirọ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ti pè mí fún íńtáfíù, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ní “a ó pè ọ́”, ẹnikẹ́ni ò pè. Báńkì máíkírófáínáǹsì kan ní Iléṣà tún ti ní kí n wá fún ipò òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Bí wọ́n bá ní kí n sọ nípa ara mi, mo máa ń sọ ìdílé tí mo ti wá àti àwọn ilé-ìwé tí mo lọ. Bí wọ́n bá béèrè ìdí tí wọ́n fi máa gbà mí, mo máa ń ní òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí. Bí ó bá kan owó oṣù, mo ní iyekíye tí wọ́n bá fẹ́ san. N kò níṣẹ́ lọ́wọ́ rí, àyàfi ẹ̀ka ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ kan tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, àti ìyá mi tí mò ń bá ta gàrí àti ìrẹsì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà rẹ ni o fi sẹ́yìn pátápátá, o sì kọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ àforíjì: ìyá rẹ tí ò ń bá ta gàrí àti ìrẹsì. Ẹni tó mọ oníbàárà tó ṣeé tà fún láwìn, tó mọ èyí tí ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá lọ́jọ́ tí owó bá pé, tó sì mọ bí a ṣe ń béèrè owó lọ́wọ́ àgbàlagbà láìjẹ́ kó di ariwo, ti ṣe nínú iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó kí báńkì kankan tó pè é. Bí o bá ti jókòó síwájú àwọn tó ń gbani síṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin tí o kò dárúkọ rẹ̀, a ti rí ibi tí iṣẹ́ wa ti máa bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí o bá jáde nínú yàrá náà. Èèyàn méjì sí mẹ́rin ló sábà máa ń jókòó: ọ̀gá ẹ̀ka, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, àti bóyá olórí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó. Ìwé máàkì wà níwájú wọn. Wọ́n lè rí èèyàn 15 láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mú ẹni tí wọ́n máa mú, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń kà, torí ojú àti ohùn gbogbo yín ti dà pọ̀ mọ́ra. “Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí” kò ṣeé kọ síbì kankan, torí gbogbo ẹni tó ṣáájú rẹ ló sọ ọ́. “Ó tọ́jú ìwé àwìn ìyá rẹ̀ fún ọdún méjì, oníbàárà bíi 30” ṣeé kọ, ó sì ṣeé bi ní ìbéèrè síwájú sí i. Gbogbo ìmúrasílẹ̀ tí o máa ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí, ẹyọ ohun kan ṣoṣo ló wà fún: kí o fún wọn ní ohun tó ṣeé kọ.

Mo mọ ohun tó ń dí wa lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ wa nílé pé ọmọlúàbí kì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi wá ní ohun tí a ṣe, a máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn “a”: a ṣètò ìwé náà, a bá wọn gba owó, wọ́n ní ká ṣe báyìí. Ẹni tó ń gba ni síṣẹ́ kò lè fún “a” ní máàkì. Kò mọ̀ bóyá ìwọ lo ṣe é ni tàbí ìwọ lo gbé àga fún ẹni tó ṣe é. Wò ó bí ìjíhìn akápò ẹgbẹ́. Akápò á dìde, á ka iye tó wọlé àti iye tó jáde àti iye tó kù, á sì jókòó. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní afọ́nnu. Bí o ṣe máa sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ náà nìyẹn: ohun tó wà nílẹ̀, ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe, bó ṣe parí.

Lónìí, kí o tó sùn, mú ìwé kan kí o kọ ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́fà tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ní tòótọ́ sílẹ̀, láti ìsọ̀ ìyá rẹ, láti ẹ̀ka ìṣúná yẹn, láti ilé-ìwé, láti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Wá èyí tí owó ti gba ọwọ́ rẹ kọjá. Èyí tí o ti bá ẹni tó le ṣiṣẹ́. Èyí tí o ti ṣàṣìṣe tí o sì tún un ṣe. Èyí tí àkókò ti há. Èyí tí o ti kọ́ nǹkan tí o kò mọ̀ rí. Àti èyí tí o ti rí ohun tí àwọn yòókù ò rí. Ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ni wọ́n lè bi ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni ọ̀kan nínú ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́fà yìí máa dáhùn.

Kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpín mẹ́rin: ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ohun tó já lé ọ léjìká, ohun tí ìwọ gan-an ṣe, àbájáde rẹ̀, pẹ̀lú iye. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọ́n máa ń fi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sọ ìpín kìíní, wọ́n á wá fi gbólóhùn kan parí ìpín kẹta. Nínú ìdáhùn ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú kan gbáko ni ìpín kẹta gbọ́dọ̀ gbà. Ibẹ̀ ni máàkì wà.

Àpẹẹrẹ rèé. Tí o bá ní “Mo máa ń ran ìyá mi lọ́wọ́ ní ìsọ̀”, ó parí síbẹ̀. Gbọ́ èyí: “Ìyá mi máa ń tajà láwìn, orí ló sì ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Mo ra ìwé kan, mo pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọjọ́ tó rajà, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó ní òun máa san. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo máa ń ka orúkọ àwọn tí ọjọ́ wọn ti kọjá fún un. Láàárín oṣù mẹ́ta, gbèsè tó wà níta dín láti nǹkan bíi 180,000 sí 70,000, a sì dá àwìn dúró fún ẹni mẹ́rin.” Àwọn iye wọ̀nyí kì í ṣe tìrẹ, má gbé wọn lọ. Lọ bá ìyá rẹ jókòó, kí ẹ jọ ṣírò tiyín. Bí ìfojúbù ni o ní, sọ pé ìfojúbù ni. Ẹni tó ti gba èèyàn síṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá á bi ọ́ léèrè bí o ṣe rí iye yẹn, irọ́ sì máa ń tú síbẹ̀ kíákíá. Níṣẹ́ tó jẹ mọ́ owó, bí irọ́ kékeré kan bá ti tú, ọ̀rọ̀ ti parí.

Lẹ́yìn èyí, kọ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó ní báńkì kékeré kì í jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ń wá oníbàárà, ó ń yẹ òwò wọn wò, ó ń kọ ìwé ẹ̀yáwó, ó ń gba owó padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lójoojúmọ́, ó sì ń jíhìn ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọ̀ràn bá ti kan ìṣirò, wọ́n lè na bébà sí ọ lójijì. Ṣe àwọn ìṣirò yìí títí wọn ó fi mọ́ ọ lára.

Ká ní ìyá aláṣọ kan yá 200,000 náírà fún oṣù mẹ́fà, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 4 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Bí báńkì bá ń ka èlé sórí gbogbo owó tó yá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè ní flat, èlé jẹ́ 8,000 lóṣù, 48,000 lóṣù mẹ́fà. Yóò san 248,000 lápapọ̀, tàbí bíi 41,333 lóṣù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí owó tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń ka èlé sí, èyí tí wọ́n ń pè ní reducing balance, tó sì ń dá 33,333 padà nínú owó orí lóṣooṣù, èlé oṣù kìíní jẹ́ 8,000, tìkejì 6,667, tìkẹta 5,333, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dín kù títí tìkẹfà yóò fi jẹ́ 1,333. Àpapọ̀ èlé jẹ́ 28,000. “Mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún” kan náà lẹnu ń pè, 20,000 ni ìyàtọ̀. Bí o bá lè ṣàlàyé èyí ní Yorùbá fún ẹni tí kò kàwé, o ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní HND ò lè ṣe.

Ìkejì ni iye ẹ̀yáwó tó wà nínú ewu, tí wọ́n ń pè ní PAR. Ká ní owó tó wà níta lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà ẹ̀ka kan jẹ́ 10,000,000. Àwọn tí ìsanwó wọn ti pẹ́ ju ọjọ́ 30 lọ ṣì jẹ báńkì ní 600,000 lápapọ̀. PAR ẹ̀ka náà jẹ́ 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn nìyí: bí obìnrin kan bá ṣì jẹ 150,000, tí ẹyọ 25,000 kan tó yẹ kó san sì ti pẹ́ ju ọjọ́ 30 lọ, 150,000 ni a ó kà sínú ewu, kì í ṣe 25,000. Ìdí ni pé ẹni tí kò san èyí tó pé, kò dájú pé yóò san ìyókù.

Mọ díẹ̀ nípa òfin pẹ̀lú. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ní nọ́ńbà 11, NIN, ti ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, náà ní 11. Ẹni tó bá ní àkáǹtì gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán. Láti 2024 ni NDIC, àjọ ìjọba tó ń san owó padà fún oníbàárà bí báńkì bá kógbá sílé, ti gbé iye tó pọ̀ jù tí wọ́n ń dáàbò bò fún oníbàárà báńkì máíkírófáínáǹsì kọ̀ọ̀kan kúrò ní 200,000 sí 2,000,000 náírà. Kí lo máa fi ṣe? Bí wọ́n bá bi ọ́ pé, “Ìyá kan ní òun ò lè kó owó sí báńkì yín torí pé báńkì kan kógbá sílé mọ́ òun lórí, kí lo máa sọ fún un?”, ìwọ á ní ìdáhùn tó ju “Ẹ fọkàn balẹ̀, mà” lọ.

Bí ó bá ṣeé ṣe, lọ sí Iléṣà kí ọjọ́ náà tó pé, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ láti Ifẹ̀. Wọ inú báńkì náà bí oníbàárà, béèrè ohun tí èèyàn nílò láti ṣí àkáǹtì àti láti yá owó, gba bébà ìpolówó wọn. Kúrò níbẹ̀, lọ sí Ọjà Atakúnmọ́sà, kí o bá oníṣòwò méjì mẹ́ta sọ̀rọ̀: ṣé wọ́n ń yá owó ní báńkì tàbí lọ́wọ́ alájọ, kí ló mú wọn kúrò ní èyí tí wọ́n ti ń yá tẹ́lẹ̀? Ra nǹkan lọ́wọ́ wọn o, má kàn dúró máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Ohun tí o bá gbọ́ lọ́jà yẹn, ẹni tó kàn ka íńtánẹ́ẹ̀tì ò lè ní in. O tún ti mọ ọ̀nà, o sì ti mọ ìgbà tí ọkọ̀ ń kún.

Ní Iléṣà, wọ́n lè yí sí Yorùbá nígbàkigbà, kódà kí wọ́n fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà bi ọ́, torí èdè ọjà ni iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ẹ̀ka lè fara rọ àga kó ní: “Èmi ni Ìyá Aláta. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí n kò san. Ọjà ò tà. Kí lo fẹ́ ṣe fún mi?” Ọ̀pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ìwọ máa wádìí kí o tó sọ̀rọ̀. Àìrówó san yàtọ̀ sí àìfẹ́ san, ìwọ̀sàn wọn ò sì bára mu. Gbìyànjú báyìí: “Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́, gbogbo wa la mọ̀ pé nǹkan ò rọrùn. Ẹ jẹ́ n bi yín, mà: ṣé ọjà ọ̀hún ni ò tà rárá, àbí owó rẹ̀ bọ́ sórí nǹkan mìíràn? Èló lẹ ń pa lójúmọ́ báyìí? Bí ẹ bá lè san ìdajì lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, èmi á wá fúnra mi ní aago mẹ́rin, ẹ ó gba rìsíìtì yín lójú ẹsẹ̀. Ìyókù, mo gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ọ̀gá mi lónìí, torí èmi ò láṣẹ láti yí ọjọ́ padà.” Iye wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, rìsíìtì wà níbẹ̀, o kò sì ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ. Má ṣe sọ láéláé pé o máa bá a san án kó padà san fún ọ, tàbí pé kó san án sínú àkáǹtì rẹ. Àánú lo pè é. Lójú wọn, ọ̀nà tí owó báńkì ń gbà sọnù nìyẹn.

Wọ́n sì lè mú ọ̀rọ̀ Òṣómàáló wá. Àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, torí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, wọ́n á ní àwọn ò ní dìde títí àwọn ó fi gba owó àwọn. Bí ọ̀gá kan bá bi ọ́ bóyá o lè ṣe Òṣómàáló, sọ pé ìforítì wọn àti bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ ara wọn dé ẹnu ọ̀nà ni o máa mú lò, ṣùgbọ́n ìlànà Báńkì Àpapọ̀ lórí ààbò oníbàárà ò fàyè gba ìdójútì àti ìhàlẹ̀. Ìdáhùn yẹn fi hàn pé o mọ ìlú, o sì mọ òfin.

Ní báyìí, àwọn ìbéèrè tó ti ń dà ọ́ láàmú. “Sọ fún wa nípa ara rẹ” kì í ṣe ìbéèrè nípa bàbá rẹ, iye ọmọ tí ìyá rẹ bí, tàbí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, kí ló gbé ọ dé iwájú wa? Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tó fún un, bíi ọ̀rọ̀ 180 bí o bá ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí o jẹ́ báyìí, HND àti ẹ̀ka ìṣúná; bọ́ sórí ìwé àwìn ìsọ̀ ìyá rẹ, torí òun ló sún mọ́ iṣẹ́ yìí jù; fi ìdí tí o fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an parí rẹ̀. Gba ohùn ara rẹ sórí fóònù, gbọ́ ọ, tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹrin tàbí ìkarùn-ún ló máa tó dùn ún gbọ́. Má há a sórí ní gbólóhùn sí gbólóhùn: bí ẹnu bá kọsẹ̀ nínú àkọ́sórí, gbogbo rẹ̀ ló máa fò lọ. Kókó mẹ́ta ni kí o há.

“Kí ni àléébù rẹ?” Má sọ pé o máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ó ti sú wọn. Sọ ohun tòótọ́ kan tí kì í ṣe ọkàn iṣẹ́ náà, kí o sì sọ ohun tí ò ń ṣe sí i báyìí. Bí Excel ò bá yá ọ lọ́wọ́, tí o sì ti ń lo wákàtí kan lójúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí o ti lè ṣe ìṣirò èlé òkè yìí nínú rẹ̀, ìyẹn ni kí o sọ. Àmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lónìí kó tó di òótọ́.

Ìbéèrè kan wà tí o kò kọ, ó sì dá mi lójú pé wọ́n máa bi ọ́: “Ifẹ̀ lò ń gbé, báwo lo ṣe máa máa dé ibí ní aago méje àbọ̀ àárọ̀?” Jókòó ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó bi ọ́. Bí owó ọkọ̀ lílọ bíbọ̀ bá jẹ́ 3,000 lójúmọ́, fún ọjọ́ iṣẹ́ 22, ó di 66,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ láti 2024 jẹ́ 70,000. O rí i pé yàrá kékeré kan ní Iléṣà lè sàn ju wíwọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ lọ. Bí o bá ní ẹbí tí o lè bá gbé níbẹ̀, sọ ọ́. Bí o bá máa gba yàrá láàárín oṣù kìíní, sọ ọ́. “Màá gbìyànjú” kò tó.

Ìṣirò kan náà ló máa gbà ọ́ lọ́wọ́ “iyekíye tí ẹ bá fẹ́ san”. Gbólóhùn yẹn kì í jọ ìrẹ̀lẹ̀ létí ọ̀gá báńkì. Ó ń jọ pé o kò mọ iye owó, lẹ́nu ẹni tó fẹ́ máa bá wọn yá owó fúnni. Béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì mẹ́ta tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ifẹ̀, Iléṣà tàbí Òṣogbo, kí o wá mú iye méjì, èyí tó kéré jù tí o lè gbà àti èyí tó wù ọ́. Dárúkọ àlàfo tó wà láàárín wọn, fi kún un pé o fẹ́ mọ bóyá owó ìrìnnà ọjà wà lọ́tọ̀. Béèrè bóyá iye tí wọ́n dá jẹ́ kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014, ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣètò owó ìfẹ̀yìntì: wọn á yọ 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù rẹ, ilé-iṣẹ́ á fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún un.

Wọ́n lè bi ọ́ bóyá o ti lọ́kọ, tàbí ìgbà tí o máa bímọ. Lójú mi, kò yẹ kí wọ́n bi ọ́, inú sì máa ń bí mi nígbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ìjà níbẹ̀ ò ní fún ọ níṣẹ́. Fèsì ní ṣókí, kí o sì dá ọ̀rọ̀ padà sórí iṣẹ́: “Kò sí ohun tó máa dí mi lọ́wọ́ àtijáde lọ sọ́jà láàárọ̀, mà. Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ ni iye oníbàárà tí ẹ máa ń fún òṣìṣẹ́ tuntun.” O ti bi wọ́n ní ìbéèrè rẹ kìíní nìyẹn. Ìkejì tó dáa ni: “Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ni ẹ máa wò láti mọ̀ pé mo ń ṣe dáadáa?” Méjì tó.

Ohun tí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n, kí o sì sọ ibi tí o máa ti wádìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkíni àti ojú máa ń da àwọn ọmọ wa láàmú gan-an. Nígbà tí o bá wọlé, kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ilé ṣe kọ́ ọ, kí wọn kárí, dúró títí wọ́n á fi ní kí o jókòó. Má kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà. Bí wọ́n bá na tiwọn, gbà á. Àmọ́ bí ìbéèrè bá ti bẹ̀rẹ̀, gbé ojú sókè. Nílé, ọmọ tó ń wo àgbà lójú jẹ́ aláfojúdi. Nínú yàrá yẹn, ẹni tó ń wo ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bi í léèrè owó máa ń jọ ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Bí ojú bá ń tì ọ́, wo àárín ojú méjèèjì tàbí iwájú orí ẹni tó bi ọ́. Kò ní mọ ìyàtọ̀. Jẹ́ kí ohùn rẹ jáde dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó jìnnà jù. Fi bàtà àti aṣọ yẹn rìn ní ọjọ́ kan ṣáájú, torí bàtà tuntun tó ń jẹni lẹ́sẹ̀ á gba ìdajì ọkàn rẹ.

Ìwé ẹ̀rí: ojúlówó, àti fọ́tòkọ́pì méjì méjì, nínú fáìlì kan, WAEC tàbí NECO, ND, HND, ìwé ẹ̀rí NYSC, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìjọba ìbílẹ̀, NIN. Gbé gbogbo wọn kalẹ̀ lálẹ́ òní kí o ka orúkọ rẹ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé kan bá ní orúkọ mẹ́ta, tí òmíràn ní méjì, tàbí tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, lọ sí kóòtù lọ gba ìwé ìbúra kí ọjọ́ tó pé. Ó máa ń dun èèyàn láti yege tán kí ọ̀rọ̀ wá há sórí lẹ́tà kan ṣoṣo. Wọ ọkọ̀ tó máa gbé ọ dé Iléṣà ní wákàtí kan kó tó tó àkókò. Dúró síbòmíì títí yóò fi ku ogún ìṣẹ́jú. Kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì àti akọ̀wé dáadáa, àwọn ọ̀gá sábà máa ń bi wọ́n léèrè nípa ẹni tó wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́ tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó gbà ọ́, tàbí kó béèrè nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, padà sílé. O lè fi orúkọ ilé-iṣẹ́ wá a lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, láti mọ̀ bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ náà gan-an, bí o bá ti jáde, jókòó síbì kan kí o kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́ sílẹ̀ kí o tó wọkọ̀ padà. Kí o tó dé Ifẹ̀, ìdajì ti lọ. Fi ìméèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú dúpẹ́. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan, pe wọ́n lẹ́ẹ̀kan.

Bí wọ́n bá sì gbà ọ́, ka lẹ́tà náà tán kí o tó fọwọ́ sí i, pàápàá ibi tó bá sọ̀rọ̀ nípa gbèsè tí oníbàárà kò san. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń yọ ọ́ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kí o béèrè ní tààrà bóyá tiwọn rí bẹ́ẹ̀ àti iye tó lè dé. Wọ́n tún lè ní kí o mú oníduùró méjì wá. Bá àwọn tí o fẹ́ lò sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí, kí o sì fún wọn ní fọ́ọ̀mù náà láti kà fúnra wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, torí bí owó bá sọnù, ọ̀dọ̀ wọn ni báńkì máa gbà lọ.